Kí Ẹran Tó Di Oúnjẹ Ojoojúmọ́ ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko

Ẹni tó bá rí bí ẹran màlúù ṣe ń kún àtẹ alápatà lójú títì Okokomaiko lónìí lè rò pé bí àwọn baba ńlá ṣe ń jẹun níbẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà. Apẹja àti àgbẹ̀ ni àwọn tó tẹ àgbègbè náà dó nítòsí ọ̀sà, ẹja sì ni ọwọ́ wọn kọ́kọ́ ń tó. Wọ́n ń sin ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ, àmọ́ ìsìnkú àgbà, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ọdún ni wọ́n sábà máa ń pa wọ́n fún. Bí ọdún bá ti lọ, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹ̀gúsí, irú àti ẹja níwọ̀nba ni wọ́n ń jẹ títí di ọdún mìíràn. Nítorí náà, bí a bá ń rọ àwọn èèyàn láti dín ẹran kù nítorí ayé tó ń gbóná, a kò gbé àṣà àjèjì kò wọ́n lójú. Ohun tí ilẹ̀ yìí mọ̀ tẹ́lẹ̀ la ń rán wọn létí.

Eṣinṣin tsetse wà lára ohun tó jẹ́ kí màlúù ṣọ̀wọ́n lápá etí òkun. Inú igbó olómi ló ń gbé, àrùn tó ń gbé kiri sì máa ń pa màlúù ńlá àwọn Fúlàní. Màlúù kúkúrú tí àrùn náà kì í tètè mú wà, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Èyí tó bá ń bọ̀ láti Òkè Ọya, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, yóò sì ti rù kó tó débi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ojú irin ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tó sì fi máa di 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn láti Èkó dé Kánò. Màlúù wá ń wọkọ̀ bí ẹrù. Àárín Èkó ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní yìí. Ní ti apá Ọ̀jọ́, àwọn ọdún 1970, nígbà tí wọ́n la títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, ni tírélà tó ráyè wọ ibẹ̀ dáadáa. Ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ lójú títì náà ní 1975, ọjà Alábà tí wọ́n ti ń ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tẹ̀ lé e, wọ́n sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1983. Èrò ya wọlé, owó oṣù dé, àwọn ará Òkè Ọya sì ń ta àgbò ní Alábà Rágò. Kò ju ìran méjì lọ tí ẹran ọdún fi di ẹran ojoojúmọ́.

Owó tí à ń kà fún alápatà kọ́ ni gbogbo ohun tí ẹran náà ń ná ayé. Ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ máa ń gùfẹ̀ mẹ́tènì jáde, afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná gan-an. Ní 2013, FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, ṣírò rẹ̀ pé ẹran ọ̀sìn ló ń fa nǹkan bí ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ amáyégbóná tí ìṣe ọmọ èèyàn ń tú jáde, màlúù ló sì kó ìpín tó pọ̀ jù. Lápá tí ọ̀pọ̀ màlúù wa ti ń wá, ilẹ̀ ń gbẹ. Ní àwọn ọdún 1960, adágún Chad fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóòró. Nígbà tí àárín àwọn ọdún 1980 fi máa dé, kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ mọ́. Ọ̀dá ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe màlúù. Síbẹ̀, nígbà tí koríko ń dín kù tí ẹran tí ìlú ńlá ń béèrè sì ń pọ̀ sí i, darandaran àti àgbẹ̀ kò lè ṣàì forí gbárí. Ní 2021, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de dída ẹran jẹ̀ káàkiri. Òfin yẹn lè lé màlúù kúrò lójú títì, ṣùgbọ́n kò lè dín ohun tó ń wọ ìkòkò wa kù.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó lèyí, pé ẹran tí ọmọ Nàìjíríà ń jẹ lọ́dún kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí ará Amẹ́ríkà ń jẹ. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí Amẹ́ríkà dín tirẹ̀ kù ju tiwa lọ. Kò sẹ́ni tó yẹ kó sọ fún tálákà tó ń rí ègé kan lọ́sẹ̀ pé kó jù ú nù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni ẹni tó ń jẹ ẹran lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àti ẹni tó ń pa màlúù mẹ́rin síbi àríyá ọjọ́ kan. Àwọn mìíràn bẹ̀rù pé ara ọmọ kò ní le. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé àti aboyún máa jẹ ẹyin àti ẹja. Àgbàlagbà tó bá rí mọ́ínmọ́ín, gbẹ̀gìrì tàbí ẹ̀wà àgànyìn jẹ dáadáa kò pàdánù ohun púpọ̀. Ẹnìkan lè ní Òkè Ọya náà ni ẹ̀wà ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀wà kì í gùfẹ̀ mẹ́tènì, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń dá ọ̀rá padà sí ilẹ̀. Ilẹ̀ tó lè fi ẹ̀wà bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló lè fi ẹran màlúù bọ́. Ní ti alápatà, kò sẹ́ni tó ní kí ó pa àtẹ rẹ̀ tì. Ẹran Iléyá àti ti ìgbéyàwó kò ní tán.

Ẹja àwọn baba ńlá náà kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́ bó ṣe wà. Omi ẹ̀gbin láti àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní ìlú Agbára ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Ológè, èyí sì ń pa apẹja lára. Dídín ẹran kù àti títọ́jú ọ̀sà kò ṣeé yà sọ́tọ̀: bí a bá fẹ́ kí ẹja rọ́pò díẹ̀ nínú ẹran wa, ó di dandan kí ìjọba fi òfin mú ẹni tó ń ba omi jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé létí omi náà ni ìkún omi yóò kọ́kọ́ bá bí ayé bá ń gbóná tí òkun sì ń ga sí i. Ẹ fi ẹran sílẹ̀ fún ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ ayẹyẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ padà sí àyè wọn ní ọjọ́ tó kù.