Èésú wa dára, ọ̀wẹ̀ wa dà?

Bí a bá ń ṣe àyájọ́ báyìí, a máa ń ka iye owó tí a kó jọ, a máa ń ka iye ẹni tó yá owó tó sì san án pé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ ká wẹ̀yìn wò díẹ̀, ká wo ohun tí àwọn tó ṣáájú wa ń ṣe fún aládùúgbò tí ebi ń pa, àti ẹni tí kò ní ibi tí yóò forí lé. Àwọn àgbà ló ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru.

ÀÁRÓ ÀTI Ọ̀WẸ̀

Agbára ọwọ́ ni àwọn baba wa kọ́kọ́ fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkínní ni àáró. Bí àgbẹ̀ márùn-ún bá jọ ń ṣe àáró, wọn á ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kìíní lónìí, lóko ẹnì kejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Iye ọjọ́ tí o bá bá mi ṣe ni èmi náà gbọ́dọ̀ bá ọ ṣe. Èkejì ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá já lé léjìká, bíi ilé kíkọ́, á bẹ ẹbí, àna, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò lọ́wẹ̀. Wọn á po amọ̀, wọn á mọ ògiri, wọn á bo òrùlé. Wọn á jẹ, wọn á mu, wọn á sì lọ sílé. Kò sẹ́ni tó ń ka ọjọ́ sí ẹnì kejì lọ́rùn. Ọ̀mọ̀wé N. A. Fádípẹ̀ ṣàlàyé irú àṣà wọ̀nyí nínú ìwé ńlá tó kọ ní 1939 lórí àwùjọ Yorùbá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ yẹn sọ́kàn. Àáró wà fún ẹni tó lágbára láti san án padà. Ọ̀wẹ̀ wà fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ohun tó dé bá a.

Àìnílé kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Nígbà tí ogun tú ìlú ká, àpáta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí, wọ́n sì tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Nígbà tó yá, àwọn Òwu tí ogun ti fọ́ ìlú tiwọn náà wá bá wọn, wọ́n sì fún wọn níbi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Ẹni tí ogun lé ló gba ẹni tí ogun lé sílé.

ÈÉSÚ

Ìwà àáró ni èésú ń hù, owó ló kàn dípò agbára ọwọ́. Samuel Johnson ti mẹ́nu ba èésú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Gbogbo wa mọ bó ṣe ń lọ. Bí ogún èèyàn bá ń dá ₦500 lọ́sẹ̀, ẹnì kan yóò máa kó ₦10,000 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò sì kárí lógún ọ̀sẹ̀. Kò sí èlé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni ìyá rẹ̀ fi èésú san owó ilé-ìwé, tó fi san owó ilé, tó fi ra ọjà sísọ̀.

Àwọn èèyàn wa gbé àṣà yìí rìn jìnnà. Títí dòní, ní Trinidad, "susu" ni wọ́n ń pe irú owó dídá bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n já sí Sàró, kò ní ilé, kò ní ẹbí níbẹ̀. Wọ́n kó ẹgbẹ́ jọ, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n ń sin òkú ara wọn. Àwọn kan nínú wọn dáwó ra ọkọ̀ ojú omi, nígbà tó sì di 1839, wọ́n ti ń padà bọ̀ sí Àgbádárìgì.

OGUN HÍTÍLÀ ÀTI GÀRÍ ÈKÓ

Ká bu gàrí fún ẹni tí ebi ń pa nìkan kọ́ ni ìrànlọ́wọ́. Nígbà míì, ká dìde sí ohun tó ń fa ebi náà ni. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba òyìnbó fi àṣẹ lé iye tí wọn yóò máa ta oúnjẹ l'Ékòó. Captain Pullen ni wọ́n fi ṣe olórí ètò náà. Iye tí wọ́n ní kí àwọn ìyá wa máa ta gàrí kò tó owó tí wọ́n fi rà á. Ta ló fẹ́ tà á ládàánù? Bí gàrí ṣe wọ́n bí ojú nìyẹn, tí wọ́n ń tà á lábẹ́lẹ̀. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ọjà Èrékò tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ obìnrin ọlọ́jà Èkó, kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní bá wọn lọ́wọ́ sí i. Òun àti àwọn ìyá ọlọ́jà kò sinmi títí ètò náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1945.

MAROKO

Èyí tó ṣojú ọ̀pọ̀ nínú wa ni ti Maroko. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó Maroko l'Ékòó. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ni wọ́n ní ó di aláìnílé, àárín òjò sì ni. Àwọn kan rí ilé ìjọba ní Ìlàsan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò rí nǹkan kan. Yàrá ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni ẹlòmíràn kó ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin tún tẹ́ ẹní fún àlejò. Ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ìgbà wo lo máa san án padà.

ÀWA ŃKỌ́?

Ní 1935 ni ìjọba ṣe òfin àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni èésú ti dọmọ ìwé, tó ní akọ̀wé, tó ní olùyẹ̀wé-owó-wò. Ṣùgbọ́n àáró náà ṣì ni: ẹni tó bá dá ló ń kó. Bẹ́ẹ̀, ìlànà méje ni àpapọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lágbàáyé fi ọwọ́ sí ní 1995, èkeje nínú rẹ̀ sì ni pé kí ẹgbẹ́ máa bójú tó àdúgbò tó wà.

Ẹ rántí ìgbà ìsémọ́lé Kòrónà tó bẹ̀rẹ̀ ní 30 March 2020. Ẹ rántí bí owó ọkọ̀ ṣe fò sókè nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023. Obìnrin tó bá jẹ owó ọjà rẹ̀ mọ́ oúnjẹ, kì í wá sọ fún wa. Ṣe ló máa yọwọ́. Lọ́sẹ̀ kìíní kò wá, lọ́sẹ̀ kejì kò wá, a ó sì fa orúkọ rẹ̀ tì. Ọjọ́ tó nílò ẹgbẹ́ jù lọ gan-an ni ẹgbẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn kò dáa, ẹ̀yin ìyá mi.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Bí ọgọ́rùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ bá ń dá ₦200 lóṣù sí àpò ọ̀wẹ̀, ₦20,000 lóṣù nìyẹn, ₦240,000 lọ́dún. Kí ó má jẹ́ owó yíyá. Kí ìyá àgbà mẹ́ta máa mójú tó o, kí akápò sì máa sọ iye tó jáde, láìdárúkọ ẹni tó gbà á. Kí á má pe ẹnikẹ́ni síwájú ìpàdé, kí á má ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú àpò ìrẹsì. Kí ó sì kan aládùúgbò tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, pàápàá ẹni tí onílé lé síta.

Ẹnì kan á ní àwọn ọ̀lẹ yóò fi ṣe ìjẹ. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹun ná, ká tó wádìí ọ̀rọ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọdún tó ń bọ̀, bí a bá tún ń ka owó, kí á lè ka iye ilé tí iná ààrò kò kú nínú rẹ̀ nítorí tiwa. Ọlọ́run kò ní sọ wá di ẹni à ń ṣàánú. Àṣẹ.