Ohùn Tó Fo Ìlọrin Kọjá

Àìmọ̀kan ní ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bẹ́ẹ̀ ló rí fún mi ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn.

Mo jókòó ní Ìbẹ̀ṣẹ́, létí ọ̀sà, lọ́sàn-án gangan, mo ń gbọ́ Voice of Nigeria ketekete lórí 15120. Kò yà mí lẹ́nu, torí Ìkòròdú nítòsí ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bùrọ̀dá mi ní Ìlọrin ní òun wá a títí, òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ni mo bá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ohùn tí kò dé Ìlọrin, irọ́ ni pé ó ń dé òkè òkun. Kò pẹ́ ni àbúrò mi tẹ̀ mí láago láti Lọ́ńdọ̀nù: “Bùrọ̀dá, mò ń gbọ́ wọn níbí o!” Ojú gbà mí tì.

Mo wá lọ wádìí. Ta ló kọ́kọ́ fi ìgbì kúkúrú sọdá òkun? Àwọn tó ń fi rédíò ṣe fàájì ni, tí kálukú ń fi ẹ̀rọ inú ilé rẹ̀ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní 1912, òfin Amẹ́ríkà lé wọn sórí ìgbì kúkúrú, mítà 200 wálẹ̀, torí àwọn àgbà iṣẹ́ rédíò kà á sí àkísà. Àkísà náà ni wọ́n fi dáṣọ! Ní oṣù kọkànlá 1923, Fred Schnell ní Amẹ́ríkà àti Léon Deloy ní Faransé fi àmì Morse bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti òkun dé òkun. Ní 1924, Edward Appleton fi ẹ̀rí hàn ní Ìlú Ọba pé ìpele kan wà lókè réré tó ń dá ìgbì rédíò padà sílẹ̀. Oòrùn ló ń fún un lágbára.

Ẹ rántí bí ọmọdé ṣe ń sọ àpáàdì sójú ọ̀sà: á fò, á balẹ̀ síwájú, omi àárín kò ní mọ̀. Ìlọrin ni omi àárín yẹn.

Títí dòní, irú àwọn aláfàájì bẹ́ẹ̀ ń díje pẹ̀lú wáàtì 5 péré, ta ni yóò bá èèyàn púpọ̀ jù lọ pàdé lójú òfuurufú. Ẹ̀rọ Ìkòròdú ìgbà náà ní tirẹ̀ lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹni wáàtì 5 ní láti mọ ìgbà: ìgbì wo ló yẹ ọ̀sán, èwo ló yẹ òru. Lágbègbè tiwa, tí oòrùn bá wọ̀, òkè réré a máa dàrú, ohùn a sì máa gbọ̀n. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn tilẹ̀ ń fi ẹ̀rọ wò ó lọ́dún 1957 sí 1958.

Mo kọ àtúnṣe sínú ìwé ìròyìn náà. Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá ní òun ò gbọ́, n kì í tètè sọ pé kò sẹ́ni tó fọhùn.