Iná Monrovia àti Ìsédò Mount Coffee

Kì í ṣe bọ́ǹbù ló wó ìsédò Mount Coffee. Ní 1990, nígbà tí ogun dé ẹ̀yìn odi Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ sá àsálà. Òjò ń rọ̀, odò St. Paul kún, kò sì sí ẹni tí yóò ṣí àwọn ilẹ̀kùn irin tí omi ń gbà jáde. Omi gun orí ìsédò, ó sì ya apá kan rẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni Monrovia ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀. Ní 1966, láyé ìjọba Ààrẹ William Tubman, ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú mégáwáàtì 30. Ní 1973 wọ́n sọ ọ́ di 64.

Omi mú tirẹ̀ lọ, ọwọ́ ènìyàn kó ìyókù. Ogun tí Charles Taylor gbé wọ ìpínlẹ̀ Nimba láti Côte d'Ivoire ní oṣù Kejìlá 1989 rọlẹ̀ ní 1997, ó tún rú ní 1999, kò sì parí títí di 2003. Láàárín ìgbà náà ni wọ́n tú ẹ̀rọ Mount Coffee palẹ̀, tí wọ́n hú wáyà, tí wọ́n sì ta bàbà inú rẹ̀. Òpó iná ìgboro náà kò yè é. Àwọn sójà Nàìjíríà tí wọ́n bá ECOMOG, ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ síbẹ̀ mọ bí òkùnkùn ìlú náà ṣe rí.

Nígbà tí Ellen Johnson Sirleaf ń tọrọ ìbò láti di ààrẹ, ó ṣèlérí pé láàárín oṣù mẹ́fà iná yóò dé apá kan Monrovia. Oṣù Kìíní 2006 ni wọ́n búra fún un. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù Keje, ọjọ́ òmìnira Làìbéríà, iná tàn ní àwọn òpópónà mélòó kan. Jẹnẹrétọ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní àṣehàn, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti pé mẹ́rìndínlógún láìmọ ohun tó ń jẹ́ iná ìjọba. Ìjọba tuntun ní láti fi nǹkan kan han àwọn ènìyàn.

Dísẹ́ẹ̀lì ló wá di wàhálà. Ọkọ̀ òkun ló ń gbé e wá, iná tó ń pèsè sì wọ́n débi pé kìlówáàtì wákàtí kan tó ìdajì dọ́là Amẹ́ríkà. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni kí wọ́n padà sí odò. Nọ́wè, Jámánì àti báńkì ìdókòòwò ilẹ̀ Yúróòpù dá owó. Ní 2015 Amẹ́ríkà buwọ́ lu ìrànwọ́ mílíọ̀nù dọ́là 257, tí apá ńlá nínú rẹ̀ wà fún iná. Ebola ti dá iṣẹ́ náà dúró ní 2014, tí àwọn agbaṣẹ́ṣe òkèèrè kó ẹrù wọn lọ sílé. Oṣù Kejìlá 2016 ni tọ́bàìnì àkọ́kọ́ yí. Nígbà tó di 2018, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń ṣiṣẹ́, mégáwáàtì 88 lápapọ̀.

Ó yẹ kí ìtàn parí síbẹ̀, àmọ́ iná wà lódò, wáyà tí yóò gbé e délé kò tó. Àwọn tí wọn kò rí mítà gbà fi wáyà ara wọn kọ́ òpó, tó fi jẹ́ pé, nígbà kan, ó lé ní ìdajì iná tí LEC, ilé-iṣẹ́ iná ìjọba, ń pín tí kì í mú owó wọlé. Ní 2019 wọ́n ṣòfin tó sọ jíjí iná di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n. Lójú tèmi, mítà ni ì bá ṣáájú òfin. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn: odò a fà, iná a sì wálẹ̀ gan-an. Okùn iná ńlá CLSG tó so Côte d'Ivoire, Làìbéríà, Sierra Leone àti Gínì pọ̀ ló wá ń dí àlàfo náà, Nimba kan náà ló sì gbà wọlé.

Omi mímu ìlú tún wà lórí odò kan náà. Ogun ti ba ilé-iṣẹ́ omi White Plains, tó wà nísàlẹ̀ ìsédò, jẹ́, wọ́n sì ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Owó Amẹ́ríkà yẹn ni wọ́n fi ri páìpù ńlá láti Mount Coffee débẹ̀, kí omi lè ṣàn wá fúnra rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ tí ń fà á. Èyí tó kù ni páìpù inú ìgboro. Níbi tí kò bá tíì dé, ọ̀dọ̀ mẹ́ruwà ni wọ́n ti ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì.