Òjò Dídì Lórí Òkè Swítsàlandì

Ní ọdún 1397 ni àwọn ará Andermatt, ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Alps ní Swítsàlandì, fi gígé igi inú igbó tí ó wà lókè ìlú wọn ṣe èèwọ̀. Kì í ṣe nítorí òrìṣà kankan. Igbó náà ni ó ń dá òjò dídì dúró kí ó má baà ya lu ilé wọn. Ọ̀gbàrá òjò dídì, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀, a máa já lójijì láti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, a sì gbé igi, ilé àti ènìyàn lọ.

Ó pẹ́ kí ìwádìí tó wọ inú òjò dídì fúnra rẹ̀. Ní 1936, àwọn onímọ̀ kọ́ ahéré kan sórí òkè Weissfluhjoch, lókè ìlú Davos. Wọ́n gbẹ́ kòtò sínú òjò dídì, wọ́n sì ń yẹ ìpele rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1939 ni ìwé wọn lórí bí ó ti ń yí padà jáde. Ìpele lórí ìpele ni òjò dídì. Bí òtútù bá mú gidigidi nígbà tí èyí tí ó wà nílẹ̀ kò nípọn, ti ìsàlẹ̀ a di hóró hóró bí iyọ̀, kò ní lẹ̀ mọ́ra mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá wá kó òmíràn tí ó le lé e lórí, ó di pákó tí a tẹ́ sórí àgbàdo gbígbẹ. Ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo tó láti já a.

Ìmọ̀ yìí kò tètè di ààbò. Ní ìgbà òtútù 1950 sí 1951, ènìyàn 98 ni ọ̀gbàrá yìí pa ní Swítsàlandì; Andermatt pàápàá, ìlú igbó èèwọ̀, pàdánù 13. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ri ọgbà irin mọ́ òkè, tí wọ́n sì ya àwòrán ilẹ̀ tí ó fi ibi tí a kò gbọdọ̀ kọ́lé sí hàn. Nígbà tí òjò dídì ńlá tún dé ní Oṣù Kejì 1999, àwọn tí ó kú kò ju 17 lọ.

Lónìí, ikú kì í sábà bá ará abúlé nínú ilé rẹ̀ mọ́. Àwọn tí ó ń gun òkè fún fàájì ni ó ń bá, àwọn tí ó de pátákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n ń fi í yọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́. Nínú irú wọn 10, nǹkan bí 9 ni ó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn tàbí ẹni tí ó bá wọn rìn ni ó tẹ òjò dídì náà já. Bẹ́ẹ̀ ìwé ìkìlọ̀ wà fún wọn, tí ó pín ewu sí ìpele 5. Ìpele 3 ni ó ń pa wọ́n jù. Ní ọjọ́ ìpele 5, olúkúlùkù a jókòó sílé. Ní ọjọ́ ìpele 3, ẹni tí ó ka ewu náà sí ti àárín a di ẹrù rẹ̀, a sì gun òkè lọ.