Gbígbé Ìwé Ẹjọ́ Bọ́ Sórí Ẹ̀rọ Ayélujára ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Nígbà tí a bá sọ pé ilé-ẹjọ́ ń gba ìwé lórí ẹ̀rọ ayélujára, ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó ń pẹjọ́, ẹni tí a pè lẹ́jọ́, tàbí agbẹjọ́rò wọn lè fi ìwé ẹjọ́ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, kí ó san owó rẹ̀ láti báǹkì, kí rẹ́jísítírà sì fún un ní ẹ̀rí pé ó ti gbà á wọlé, láìjẹ́ pé ó ru ìdì ìwé dé ẹnu káńtà. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú gbígbọ́ ẹjọ́ lórí Zoom, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ máa ń pa méjèèjì pọ̀. Ẹjọ́ tí a fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ lè jẹ́ èyí tí a ó gbọ́ nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹjọ́, níwájú adájọ́, tí àwọn ẹlẹ́rìí yóò sì dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí gẹ́gẹ́ bí ìṣe.

Kí ará ìlú tó lè mọ ohun tí ó ń yí padà, ó yẹ kí ó mọ ọ̀nà tí ìwé ń gbà rìn. Láti ìgbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin ìlànà tuntun fún ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn ní ọdún 2004, olùpẹjọ́ kò lè mú ìwé ìpẹ̀jọ́ nìkan wá mọ́. Ó gbọ́dọ̀ kó àlàyé ẹ̀sùn rẹ̀, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀, ẹ̀rí tí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ti kọ sílẹ̀ tí ó sì ti búra lé, àti ẹ̀dà gbogbo ìwé tí yóò lò wá lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ìlànà ti ọdún 2019 tún béèrè Fọ́ọ̀mù 01, èyí tí olùpẹjọ́ fi ń sọ pé òun ti gbìyànjú láti parí ọ̀rọ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí kí òun tó wá. Bí ẹjọ́ náà bá jẹ́ ti ilẹ̀ ẹbí, tí àwọn olùjẹ́jọ́ sì jẹ́ márùn-ún, ẹ̀dà kan ní láti wà fún ilé-ẹjọ́, ọ̀kan fún olùpẹjọ́, àti ọ̀kan fún olúkúlùkù olùjẹ́jọ́. Ìwé olójú-ewé ọgọ́rùn-ún ti di ẹẹdẹ́gbẹ̀rin nìyẹn kí adájọ́ tó ka ìlà kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìbúra níwájú kọmíṣọ́nnà ìbúra, ìdíyelé, owó sísan, òǹtẹ̀, nọ́ńbà ẹjọ́, yíyan adájọ́ tí yóò gbọ́ ọ, àti béèlíìfù tí yóò wá ojúlé àwọn olùjẹ́jọ́ káàkiri. Kò sí ibi kan nínú ìrìn yìí tí ìwé kò ti lè dúró.

A kò sọ èyí láti tàbùkù bébà. Àwọn akọ̀wé rẹ́jísítírì kan wà tí wọ́n mọ ibi tí fáìlì ọdún pípẹ́ wà láìwo ìwé àkọsílẹ̀ kankan, ìmọ̀ irú wọn sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹjọ́ là. Ṣùgbọ́n irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ a máa fẹ̀yìn tì. Òjò a máa jò, ikán a máa jẹ páálí. Gbólóhùn kúkúrú náà, “a kò rí fáìlì”, ti dá ọ̀pọ̀ ará ìlú padà láti kóòtù, wọn a sì tún padà wá ní oṣù mìíràn pẹ̀lú owó ọkọ̀ mìíràn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Igbóṣeré ni ó fi ewu náà hàn jù. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, nínú rògbòdìyàn tí ó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS, wọ́n dáná sun Ilé-ẹjọ́ Gíga tí ó wà ní Igbóṣeré ní Erékùṣù Èkó, ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹjọ́ tí ó pẹ́ jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Fáìlì ẹjọ́, àkọsílẹ̀ àtijọ́ àti àwọn ohun ẹ̀rí jóná. Ilé ṣeé tún kọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìnáwó tí baba ẹni fi ra ilẹ̀, tí a fi lé ilé-ẹjọ́ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, kò ní ibòmíràn tí a ti lè lọ mú un. Nígbà tí fáìlì bá ṣègbé báyìí, ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ àwọn olùjà àti agbẹjọ́rò wọn ni a fi ń tún un tò. Ẹni tí agbẹjọ́rò rẹ̀ ti kú, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ kò tọ́jú ẹ̀dà, ni ìyà náà máa ń jẹ jù. Ẹ̀dà tí ó wà lórí ẹ̀rọ, tí a sì tọ́jú sí ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ, kò ní bá ilé kan ṣoṣo jóná.

Ní oṣù mélòó kan ṣáájú iná yẹn, àrùn Kòrónà ti kọ́kọ́ ti ilé-ẹjọ́ sí ojú ọ̀nà yìí. Nígbà tí ìsémọ́lé mú kí àwọn ènìyàn má lè jáde, Adájọ́ Àgbà Ìpínlẹ̀ Èkó, Onídàájọ́ Kazeem Alogba, ṣe ìlànà fún gbígbọ́ ẹjọ́ láti ọ̀nà jíjìn ní ọdún 2020. Ìlànà náà, tí wọ́n ṣe fún àkókò àrùn náà, gbà kí a fi ìwé sílẹ̀ nípasẹ̀ ímeèlì tàbí WhatsApp, kí a san owó ilé-ẹjọ́ láti orí ẹ̀rọ, kí a fi ìwé jíṣẹ́ fún ẹnì kejì ní ọ̀nà kan náà, kí a sì lo Zoom tàbí Skype láti gbọ́ ẹjọ́. Ní ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ọdún náà, Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà ka ìdájọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn lórí Zoom, ó sì dá ẹjọ́ ikú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí èyí, a kò sì lè sọ pé wọn kò ní ìdí. Ó yẹ kí irú ìdájọ́ tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ mú kí a ronú lórí ohun tí ó yẹ kí a fi ẹ̀rọ ṣe àti ohun tí kò yẹ.

Ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e ni bóyá Òfin Orílẹ̀-èdè ọdún 1999 fàyè gbà á, nítorí pé abala 36 sọ pé ní gbangba ni kí a ti gbọ́ ẹjọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ìpínlẹ̀ Èkìtì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 14, oṣù Keje, ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ náà sọ pé kò tíì sí ìjà gidi kan nílẹ̀ tí òun yóò parí, àti pé bí ọ̀rọ̀ ti rí ní àkókò náà, jíjókòó ilé-ẹjọ́ lórí ẹ̀rọ kò lòdì sí òfin. Ní ti fífi ìwé sílẹ̀, àríyànjiyàn ibẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwé kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba títí ọjọ́ ìgbọ́ ẹjọ́ yóò fi pé. Ìlú Síńgápọ̀ ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn agbẹjọ́rò láti ọdún 2000, àwọn ilé-ẹjọ́ ọ̀ràn òwò ní Lọ́ńdọ̀nù sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2017. Kì í ṣe gbogbo kóòtù ní ìpínlẹ̀ yìí ni ó wà ní ipele kan náà, nítorí náà, kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀ kankan, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ́jísítírì kóòtù tí ọ̀rọ̀ yín kàn bóyá ẹ̀rọ nìkan, bébà nìkan, tàbí méjèèjì ni wọ́n ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ohun tí ó lè dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Àkọ́kọ́ ni pé fífi ìwé ránṣẹ́ yàtọ̀ sí fífi ìwé sílẹ̀. Ìwé tí a kò tíì san owó rẹ̀, òfin kò kà á sí ìwé tí a ti fi sílẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó ti wọ inú ẹ̀rọ ilé-ẹjọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ dúró gba rìsíìtì, ẹ dúró gba nọ́ńbà ẹjọ́, kí ẹ sì tọ́jú méjèèjì. Èyí ṣe pàtàkì nítorí ọjọ́. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó fún ẹni tí wọ́n bá yẹ àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀ ní ọdún mẹ́fà láti pẹjọ́, ó sì fún ẹni tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ padà ní ọdún méjìlá. Ẹni tí ó bá dúró di alẹ́ ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, tí iná wá lọ tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀, lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí kan náà ni ó kan ẹni tí a pè lẹ́jọ́. Ìwé ìpẹ̀jọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Èkó fún olùjẹ́jọ́ ní ọjọ́ 42 láti dáhùn, ọjọ́ ìfijíṣẹ́ ni a sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ní àtijọ́, béèlíìfù ni yóò dé ẹnu ọ̀nà, aládùúgbò yóò rí i, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé òun kò mọ̀. Lóde òní, ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí a fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ímeèlì tàbí WhatsApp ẹni tí a kò rí mú lójúkorojú. Ẹni tí ó bá ti yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà, tàbí tí kì í ṣí ímeèlì rẹ̀, lè wà nílé rẹ̀ ní Àgége kí ọjọ́ máa lọ lórí rẹ̀, títí a ó fi dá ẹjọ́ ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń gba gbogbo ẹni tí ó bá ní ẹjọ́ nílẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà àti ímeèlì tí wọ́n ń lò gan-an sínú ìwé wọn, kí wọ́n sì sọ fún rẹ́jísítírà bí ó bá yí padà.

Ìbúra tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí Òfin Ẹ̀rí ní ọdún 2023 gba ìfọwọ́sí orí ẹ̀rọ, ó sì fàyè gbà kí a ṣe ìbúra láti orí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìrọ̀rùn yìí gba ààbò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ti sọ pé bí ẹni tí ó ń búra kò bá mọ̀wé kà, tàbí tí kò ríran, ìwé náà gbọ́dọ̀ fi hàn pé a kà á fún un, a túmọ̀ rẹ̀, ó sì hàn pé ó yé e. Ẹni tí ó tẹ ìwé náà fún un sì ní láti kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Bí ìyá àgbà kan bá tẹ̀ka lórí fóònù ọmọ kékeré nínú kaféè láìgbọ́ ohun tí ó wà nínú ìwé, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni ó búra lé. Ẹ ní kí wọ́n kà á ní Yorùbá, ní Ègùn, ní èdè yòówù tí ẹ gbọ́, kí ẹ tó tẹ̀ka.

Ẹ má ṣe da ojúlówó ìwé nù lẹ́yìn tí ẹ bá ti yà á sórí ẹ̀rọ. Adájọ́ lè béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ ìgbọ́ ẹjọ́. Ẹ̀rí tí ó jáde láti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, irú bí àwòrán, ìjíròrò WhatsApp tàbí ìwé àkọsílẹ̀ owó báǹkì, nílò ìwé-ẹ̀rí tí abala 84 Òfin Ẹ̀rí béèrè, pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ó ṣe é. Fífi í sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ kò yọ ọ́ kúrò lábẹ́ òfin yìí. Kí ojú ìwé pé, kí ó tò tẹ̀ léra, kí òǹtẹ̀ rẹ̀ hàn kedere, kí orúkọ tí ó wà níwájú sì bá èyí tí ó wà lẹ́yìn mu: kì í ṣe “Rasaki” níhìn-ín kí ó di “Rasaq” lọ́hùn-ún.

Àwọn gbájúẹ̀ náà ti rí ọ̀nà wọlé. Bí ẹ bá gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé ẹ ní ẹjọ́, pé kí ẹ sanwó sínú àpò ẹnì kan kí wọ́n tó fi ìwé náà hàn yín, ẹ má san án. Owó ilé-ẹjọ́ kì í wọ àpò ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí a pè lẹ́jọ́ kì í sì í sanwó kí ó tó mọ ẹ̀sùn tí a fi kàn án. Ẹ mú nọ́ńbà ẹjọ́ náà lọ sí rẹ́jísítírì kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má sì jẹ́ kí oníkaféè fi ìwé ẹjọ́ yín sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, pàápàá ẹjọ́ ìgbéyàwó tàbí ti ọmọdé.

Kò pọn dandan kí gbogbo ọ̀rọ̀ dé Ilé-ẹjọ́ Gíga. Fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, Ilé-ẹjọ́ Gbèsè Kékeré, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí ní ọdún 2018, wà lábẹ́ àwọn Májísíréètì. Olówó lè ṣojú ara rẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè owó náà lọ́wọ́ ajigbèsè, ọgọ́ta ọjọ́ sì ni ìlànà là sílẹ̀ láti parí ẹjọ́. Aáwọ̀ láàárín onílé àti ayálégbé, tàbí láàárín aládùúgbò, ṣeé gbé lọ sí ọ́fíìsì ìlàjà ìjọba, Citizens’ Mediation Centre, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò, tí kò sì ní fóònù tí ó lè fi ìwé ránṣẹ́, lè lọ sí Office of the Public Defender kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀. Ìpín Ilé-ẹjọ́ Gíga wà ní Èkó, Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Ẹni tí ó bá ń lọ béèrè nípa fáìlì àtijọ́ rẹ̀ níbẹ̀, kí ó mú nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ àwọn tí ẹjọ́ kàn, ọdún tí wọ́n pè é, àti ẹ̀dà ìwé èyíkéyìí tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ dání.