Igi Àjèjì Lórí Òkè tí Iná ń Jó: Ẹ̀kọ́ Ìtàn láti Olókèméjì fún Àwọn Ará Kòsọ́fẹ́

1. Ìfáárà

Ilẹ̀ Kòsọ́fẹ́ kò ní òkè. Láti Kétu dé Mile 12, láti Ìkòsì dé Àgbóyì, ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti àbàtà ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Síbẹ̀, láti orí òkè ni odò Ògùn, tí ó ń gba ẹ̀bá àwọn àdúgbò wọ̀nyí kọjá, ti ṣẹ̀ wá. Òkè Ìgànràn, nítòsí Ṣakí, ni orísun rẹ̀. Ó gba Olókèméjì, ó gba Abẹ́òkúta, ó gba Ìṣẹ́rí, kí ó tó dé Àgbóyì kí ó sì wọ inú ọ̀sà. Erùpẹ̀ tí òjò bá ṣí lórí òkè, odò ni yóò gbé e wá bá àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ igi orí òkè kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè nìkan.

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀wò ni èyí: ǹjẹ́ ó yẹ kí a gé àwọn igi tí kì í ṣe ti ilẹ̀ yìí kúrò lórí òkè tí iná ń jó ní ọdọọdún? Olókèméjì ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ ń sọ nípa òkè, àkọsílẹ̀ nípa igi àti iná sì pẹ́ níbẹ̀ ju ibi púpọ̀ lọ ní ilẹ̀ Yorùbá.

2. Bí igi àjèjì ṣe dé

Èkó ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1887, nígbà tí Alfred Moloney jẹ́ gómìnà, ìjọba dá ọgbà kan sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí a ti ń dán irúgbìn ilẹ̀ òkèèrè wò. Láàárín 1895 sí 1899, àwọn ènìyàn ya wọ inú igbó láti kọ igi irẹ́ fún rọ́bà, wọ́n sì kọ ọ́ títí ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi náà fi kú. Ìparun yìí wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin dáàbò bo igbó. Ní nǹkan bí 1899 ni a ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀, ó sì wà lára àwọn igbó ìjọba tí ó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá.

Ní 1902 ni igi tíìkì wọ Nàìjíríà, Olókèméjì ni a sì ti kọ́kọ́ gbìn ín. Íńdíà àti Bọ́mà ni a ti mú irúgbìn rẹ̀ wá. Ní 1903, H. N. Thompson, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ igbó ní Bọ́mà, di olórí iṣẹ́ igbó ní Gúúsù Nàìjíríà. Kò yà ni lẹ́nu pé igi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ gbilẹ̀. Tíìkì dúró ṣánṣán, ikán kì í fẹ́ jẹ ẹ́, ó sì dára fún òpó àti pákó. Ó tún ní ìwà kan tí ó bá ilẹ̀ náà mu: bí ó bá ti dàgbà, iná kì í tètè pa á.

Lẹ́yìn èyí ni igi gmelina dé, òun náà láti Éṣíà. Ṣùgbọ́n kò nìkan dé. Ní nǹkan bí 1937, irúgbìn gmelina tí a kó wá láti Sri Lanka mú èso igbó kan lọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀. Igbó yìí ni àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀. Ó ń hù wìtìwìtì níbikíbi tí oòrùn bá ti rí ilẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, igi rẹ̀ a gbẹ, a sì di ìdáná. Igi tí ìjọba gbìn ni a kọ sínú ìwé; èyí tí ó bá a wá ni ó bo oko àti igbó.

3. Ohun tí iná fi hàn

Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Olókèméjì tí ó ṣe pàtàkì fún ìbéèrè yìí. Wọ́n pín ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ń sun ìkíní ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ pátápátá. Wọ́n ń sun ìkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi kù nínú ewé. Wọn kò sì jẹ́ kí iná kan ìkẹta rárá. Nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò ní nǹkan bí ọdún 28 lẹ́yìn náà, ìkíní ti di ọ̀dàn, koríko ni ó gbà á, igi tí ó lè fara da iná nìkan ni ó kù. Ìkejì sàn díẹ̀. Ìkẹta ni ó ń padà di igbó.

Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ni ó rọ̀ sí i. Ohun tí ó ya wọ́n nípa ni àkókò tí iná wọlé àti bóyá ó wọlé rárá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé igi ìbílẹ̀ lè padà wá láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn ín, bí a bá lè dá iná dúró. Bí a kò bá sì lè dá a dúró, igi ìbílẹ̀ tí kò lè fara da iná kò ní pẹ́ níbẹ̀ bí a tilẹ̀ gbìn ín.

4. Àríyànjiyàn

Àwọn tí ó fẹ́ kí a gé tíìkì ní ẹ̀rí tí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Tíìkì ń wọ́wé ní ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ ńlá sì ń kó jọ bí ìdáná lábẹ́ rẹ̀. Bí iná bá jó ewé wọ̀nyí, ìdí igi a wà ní ìhòòhò. Nígbà tí òjò bá dé, omi tí ń kán láti orí ewé tuntun a máa gbẹ́ ilẹ̀ náà. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ibòmíràn láti lọ bí kò ṣe odò. Wọ́n tún lè tọ́ka sí òkèèrè. Ní Oakland, ní California, iná tí ó jó ní 1991 pa ènìyàn 25, ó sì jó ilé tí ó ju 2,000 lọ. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti gbóná lórí igi eucalyptus tí a kó wá láti Ọsirélíà. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìjọba ti ń san owó iṣẹ́ láti 1995 fún gígé igi àjèjì nítorí omi àti iná.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀kọ́ ibì kan ka orí ibòmíràn láìwò ó dáadáa. Ewé eucalyptus ní òróró tí iná fẹ́ràn. Ti tíìkì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà pàápàá, ibi tí a gé igi tí a kò sì padà lọ tọ́jú rẹ̀, igi àjèjì tún hù. Tíìkì náà ń rú láti ìdí bí a bá gé e, àwọn tí ń tà á fún òpó sì mọ èyí dáadáa. Ní pàtàkì jù lọ, òjìji tíìkì ni kò jẹ́ kí Akíntọ́lá gba ilẹ̀. Bí a bá ṣí òkè sílẹ̀ lójijì, oòrùn yóò wọlé, Akíntọ́lá yóò tẹ̀ lé e, iná ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀ lé e lè le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ó tún yẹ kí a ṣọ́ra nípa Kòsọ́fẹ́. Omi tí ń ya wọ Àjẹgúnlẹ̀, Kétu àti Ìṣẹ́rí ní ìdí tirẹ̀: ilẹ̀ wọn rẹlẹ̀, a kọ́lé sí ojú àbàtà, a sì ń tú omi sílẹ̀ láti inú ìdídò Òyán tí a ṣí ní 1983. A kò lè di gbogbo rẹ̀ ru igi. Síbẹ̀, òkè tí ó jóná ń fi erùpẹ̀ kún odò tí ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ tẹ́lẹ̀.

5. Ìgúnlẹ̀

Ìtàn Olókèméjì kò ti àwọn tí ó ní kí a gé gbogbo igi àjèjì lẹ́yìn, kò sì gbè sẹ́yìn àwọn tí ó ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fi hàn ni ètò tí iṣẹ́ náà gbọdọ̀ tẹ̀ lé. Iná ni kí a kọ́kọ́ mú: kí a ro ẹ̀gbẹ́ igbó kí ẹ̀ẹ̀rùn tó le, kí àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ tí ń sun ilẹ̀ sì jẹ́ alábàáṣe nínú ètò náà. Lẹ́yìn náà ni kí a dín tíìkì kù díẹ̀díẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti etí omi àti ibi tí òkè ti ga jù, kí igi ìbílẹ̀ lè gba àyè rẹ̀ kí Akíntọ́lá tó gbà á. Tíìkì orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lè máa jẹ́ ohun títà lọ.

Àwọn tí ó gbin tíìkì ní 1902 kò ka àwọn ará Àgbóyì mọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn tí yóò pinnu bóyá kí a gé e kò gbọdọ̀ tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe.