Bí a ṣe ń wọn omi inú afẹ́fẹ́



Bí a bá sá aṣọ tútù sí oòrùn, aṣọ á gbẹ. Níbo ni omi ara rẹ̀ lọ? Inú afẹ́fẹ́ ni. Ojú wa kò rí i, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Òun ló ń di ìrì. Òun ló ń di òjò tí àgbẹ̀ ń retí. Báwo ni a ṣe lè wọn ohun tí a kò rí?

Láyé ìṣáájú, rọ́bà ńlá tí afẹ́fẹ́ fúyẹ́ kún inú rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọn, á gòkè, ẹ̀rọ náà á sì máa ránṣẹ́ wálẹ̀ bíi rédíò. Ṣùgbọ́n ibi tó gbà kọjá nìkan ló mọ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1977, àwọn ará Yúróòpù fi sátẹ́láìtì kan ránṣẹ́ sókè. Orúkọ rẹ̀ ni Meteosat-1. Ó dúró lókè òkun tó wà ní gúúsù ilẹ̀ wa, ní nǹkan bí kìlómítà 36.000 sí ilẹ̀. Láti ibẹ̀, ó ń wo gbogbo Áfíríkà ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Báwo ló ṣe ń rí omi náà? Ooru ń ti ara ilẹ̀ gòkè. Omi inú afẹ́fẹ́ a máa dá irú ooru kan dúró. Níbi tí omi bá ti pọ̀, irú ooru yẹn tó dé ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì á dín kù.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1979, ojú Meteosat-1 fọ́. Meteosat-2 kò gòkè títí di oṣù kẹfà ọdún 1981. Ohun tí Meteosat kò rí láàárín ìgbà náà, kò sí ẹni tó lè padà lọ bá a rí i. Lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn ń rọ́pò ara wọn.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ wo ìyá tó ń ta àgbàdo. Lọ́dún tó kọjá, ó wọn àgbàdo rẹ̀, ó jẹ́ agolo 100. Agolo náà lu, ó ra òmíràn tó kéré díẹ̀. Lọ́dún yìí, ó wọn agolo 110. Ṣé àgbàdo ló pọ̀ sí i, àbí agolo ló yàtọ̀? Àfi bí ó bá fi agolo méjèèjì wọn àgbàdo kan náà ni yóò fi mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti sátẹ́láìtì. Ojú wọn kò dọ́gba, wọ́n sì ń darúgbó. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ EUMETSAT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986, padà sí àwọn àwòrán àtijọ́. Wọ́n fi wọ́n wé ti àwọn sátẹ́láìtì mìíràn tó wà lókè nígbà kan náà, wọ́n sì tún iye wọn ṣe.

Rọ́bà pàápàá lè ṣìnà. Ní 2006, àwọn onímọ̀ fi púpọ̀ ránṣẹ́ sókè ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, títí kan Parakou. Irú ẹ̀rọ kan ń sọ pé afẹ́fẹ́ gbẹ ju bó ṣe rí lọ. Nítorí pé wọ́n ní òṣùwọ̀n mìíràn ni wọ́n fi mọ̀.

Kí ni èrè rẹ̀? Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná sí i ní digirí 1, ó lè gba omi sí i bí ìdá 7 nínú 100. Àwọn ẹ̀rọ tó ti ń wọn omi inú afẹ́fẹ́ lórí òkun láti 1987 fi hàn pé ó ń pọ̀ sí i lóòótọ́. Omi yìí ń dá ooru dúró bí aṣọ ìbora. Bí òjò bá sì dé, ó lè pọ̀ ju ti àná lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé, ẹ máa kọ ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ àti iye agolo àgbàdo tí ẹ kó. Bí ẹ bá pààrọ̀ agolo, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọmọ yín á ka iye náà, wọn kò ní mọ ohun tó yí padà.